Ikú Òjijì Kì í Sábà Dédé Dé: Ọ̀rọ̀ Lórí Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Inú Ọpọlọ Tó Ń Wú

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí wúwo díẹ̀, ṣùgbọ́n a rò pé kò yẹ ká máa gbé e fò mọ́.

Láìpẹ́ yìí, àwa mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ ìlera lọ kí ilé kan tí kò jìnnà sí ọjà Ìkòtún. Aránṣọ kan, ìyá ọlọ́mọ méjì tí kò tíì pé ogójì ọdún, ló sùn lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ tí kò jí kírun Àsùbáà. Kó tó di àkókò Jímọ̀, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti wé e ní kàfánì. Lẹ́yìn Jímọ̀ wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sì sin ín. Bí ẹ̀sìn wa ṣe fẹ́ ni wọ́n ṣe é, kò sí àléébù kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ilé náà ní ọjọ́ kẹta, ọ̀rọ̀ méjì là ń gbọ́ nínú ilé kan ṣoṣo. Nínú yàrá, àwọn ìyá ń wí pé àmúwá Ọlọ́hun ni. Ní ẹ̀yìnkùlé, nídìí àdògán, àwọn kan ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ojú lásán, pé obìnrin kan tí ṣọ́ọ̀bù wọn jọ fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn ló ta á lọ́fà. Wọ́n ti dárúkọ obìnrin náà. Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń ṣe àsàlátù ni.

A béèrè lọ́wọ́ ọkọ olóògbé bóyá ìyàwó rẹ̀ ṣàìsàn. Ó ní rárá o, Àáfáà, ara rẹ̀ le koko, ọjọ́ tó ku ọ̀la yẹn ló ṣì rán aṣọ ìyàwó parí. Ìyá olóògbé ló wá dá sí i láti orí ẹní tí wọ́n jókòó sí. Wọ́n ní, “Àfi ẹ̀fọ́rí yẹn.”

Ẹ̀fọ́rí wo ni, Màmá? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀fọ́rí náà ti tó ọ̀sẹ̀ méje. Kì í ṣe irú èyí tó ń sán síni lórí bí àrá. Ó kàn wà níbẹ̀ ni, ó ń le sí i. Bó bá lo paracetamol, yóò rọlẹ̀, yóò sì tún padà. Wọ́n tọ́jú ibà fún un lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n tọ́jú táífọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kan, kẹ́mísì ni wọ́n ti ra gbogbo oògùn náà. Wọ́n fún un ní hàntú mu. Láàárín ìgbà yẹn, ó ń gbàgbé nǹkan: ó wọn oníbàárà kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan náà, ó ń fi orúkọ ọmọ rẹ̀ kékeré pe ẹ̀gbọ́n. Lọ́jọ́ kan, àlùmọ́gàjí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún náà sì kú tipiri fún bíi wákàtí kan kó tó padà sípò. Wọ́n ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù. Wọ́n dúpẹ́ fún Ọlọ́hun pé ọwọ́ ti padà, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀.

Kí ló pa á? A kò mọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n mọ́. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n rí. Ó lè jẹ́ kókó kan nínú ọpọlọ. Ó sì lè jẹ́ àrùn kan tó ṣọ̀wọ́n, tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ ti ń pọ́n, tó ń wú. Àwọn dókítà ń pè é ní vasculitis. Àrùn yìí ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé bí ó ti ń rìn jọ ohun tí ìyá yẹn sọ fún wa gan-an, àti nítorí pé àárín ọ̀sẹ̀ méje yẹn ni ìtọ́jú wà.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò bi wá pé kí ni àǹfààní ìbéèrè yìí nígbà tí ọjọ́ ẹni bá pé. Ọjọ́ kì í yẹ̀, a gbà. Ṣùgbọ́n kádàrà tí a gbà gbọ́ kò dí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) lọ́wọ́ láti pa á láṣẹ pé ká máa wá ìwòsàn. Nígbà tí Séyídínà Umar ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù tó sì gbọ́ lójú ọ̀nà pé àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ó gbìmọ̀ pẹ̀lú àwọn sàábé, ó sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ padà sí Mẹ̀dínà. Abu Ubaydah bi í léèrè lórí ọ̀rọ̀ kádàrà. Umar kò gbà pé ẹni tó yẹra fún àrùn ti jáde kúrò nínú kádàrà Ọlọ́hun. Abdurahman ọmọ Auf ló wá mú hádíìsì wá tó fi hàn pé ohun tó ṣe tọ̀nà. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kádàrà pa ìbéèrè mọ́ wa lẹ́nu.

Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣe ń wú

Ìwọ̀n ọpọlọ kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara àgbàlagbà lọ, ṣùgbọ́n òun nìkan ló ń lo nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí ara ń lò. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé afẹ́fẹ́ yìí dé ibẹ̀, nínú iṣan ńláńlá tó gba ọrùn gòkè, tí wọ́n sì pín sí wẹ́wẹ́ títí tí wọ́n fi tín-ín-rín ju irun orí lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dáwọ́ dúró níbì kan, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni apá ọpọlọ tó wà níbẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Ọlọ́hun fi àwọn ọmọ ogun sínú ẹ̀jẹ̀ wa tí wọ́n ń bá kòkòrò àrùn jà. Nígbà mìíràn, àwọn ọmọ ogun yìí a ṣìnà, wọn a kọjú ìjà sí ara iṣan ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀. Ara iṣan náà a pọ́n, a wú. Ẹni tó bá ti gbẹ́ bọ́họ́òlù sílé ní Ìgándò tàbí Ẹgbẹ́dá, tó sì lo páìpù onírin, mọ ohun tí ìpẹtà ń ṣe: níbì kan, á wú sínú títí omi kò fi ní rí ibi gbà, níbòmíràn, á jẹ páìpù náà dé ìta, páìpù á sì bẹ́. Bákan náà ló rí nínú ọpọlọ. Ibi tó bá dí a máa fa rọlápá-rọlẹ́sẹ̀. Ibi tó bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ a ya sínú ọpọlọ, èyí sì lè pa ènìyàn láàárín òru kan. Ikú nìkan ló jẹ́ òjijì níbẹ̀. Àrùn fúnra rẹ̀ lè ti wà nínú ilé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù mélòó kan.

Ọdún 1959 ni àwọn dókítà méjì, Cravioto àti Feigin, ṣàpèjúwe irú èyí tó mọ sínú ọpọlọ nìkan, tí kò kan ibòmíràn lára. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, ara òkú ni wọ́n ti sábà máa ń mọ̀ ọ́n, nígbà tí ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Ní 1983, Anthony Fauci, ẹni tí gbogbo ayé wá mọ orúkọ rẹ̀ nígbà kòrónà, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn tí wọ́n fún ní oògùn méjì pọ̀, èyí tó ń mú ara wíwú wálẹ̀ àti èyí tó ń tẹ àwọn ọmọ ogun ara lórí ba, tí ara wọn sì ń yá. Láti ìgbà yẹn ni àrùn tó ti jẹ́ ìdájọ́ ikú ti di èyí tí wọ́n lè tọ́jú, bí wọ́n bá tètè mọ̀ ọ́n.

Báwo ló ṣe ṣọ̀wọ́n tó? Ní ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń kọ àìsàn gbogbo ará ìlú sílẹ̀, ìṣirò tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007 fi hàn pé ènìyàn bí 2.4 nínú mílíọ̀nù kan ló ń ní irú èyí tó mọ sínú ọpọlọ nìkan lọ́dún. Nígbà ìkànìyàn 2006, Alímọ̀ṣọ́ ní ju 1,200,000 ènìyàn lọ. Bí a bá fi ìwọ̀n Minnesota wọ̀n wá, ó jẹ́ ẹni bíi mẹ́ta lọ́dún. Ní tòótọ́, Minnesota kì í ṣe Ìyànà Ìpájà, a kò sì sọ pé iye tiwa nìyẹn. A kàn fẹ́ kẹ́ ẹ rí i pé ohun tó ṣọ̀wọ́n kò túmọ̀ sí ohun tí kò sí.

Èyí tó kàn wá jù

Èyí tí a ti ń sọ bọ̀ ni irú tó ń dá wá fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ tún lè wú nítorí àrùn mìíràn tó ti wà lára, èyí sì ni ó yẹ ká kọ́kọ́ bẹ̀rù ní àdúgbò wa.

Ikọ́ ife, tí àwọn dókítà ń pè ní TB, ló ṣáájú. Bí kòkòrò rẹ̀ bá ti inú ẹ̀dọ̀fóró gba inú ẹ̀jẹ̀ dé awọ tó bo ọpọlọ, á mú kí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ wú, kí wọ́n sì dí. Ẹ wo bí a ṣe ń gbé: ilé oníyàrá kọ̀ọ̀kan tí ẹnu ọ̀nà wọn kọjú síra, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣókùnkùn láàárín, ènìyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà nínú yàrá kan, fèrèsé tí wọ́n tì pa nítorí ẹ̀fọn àti olè. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń wúkọ́ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ tó láti kó o ran gbogbo wọn. Bí ikọ́ bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí ọ̀rọ̀ àgbo níbẹ̀ mọ́. Àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ló kù. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún ènìyàn ní oògùn TB nílé ìwòsàn ìjọba. Abẹ́rẹ́ BCG tí wọ́n ń gún ọmọ tuntun lápá, èyí tí àwọn ìyá kan ṣì ń sá fún, iṣẹ́ rẹ̀ tó ga jù ni láti má jẹ́ kí ikọ́ ife wọ inú ọpọlọ ọmọdé. A sì bẹ àwọn olórí àsàlátù wa: kí a máa ṣí fèrèsé gbọ̀ngán. Ooru kì í pa ni bíi kòkòrò yẹn.

Kòkòrò HIV náà lè fa irú wíwú yìí, àrùn ìbálòpọ̀ tí wọ́n ń pè ní syphilis lè fà á, àrùn yírunyírun náà lè fà á. Ìdí kan nìyí tí ìjọba Saudi fi ń béèrè ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára yírunyírun lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ sí Háàjì, nítorí àjàkálẹ̀ tó bá àwọn onímọ́sàláṣí jà níbẹ̀ ní 1987 àti ní 2000. Ẹ gba abẹ́rẹ́ náà gan-an. Ẹ má kàn ra ìwé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ híjámà ṣe pàtàkì níhìn-ín, a sì mọ̀ pé yóò bí àwọn kan nínú. Híjámà jẹ́ súnnà, àwa náà ń ṣe é. Ṣùgbọ́n kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B, tó wà lára ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà láì jẹ́ pé wọ́n mọ̀, lè mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ wú káàkiri ara, ẹ̀jẹ̀ ló sì ń gbé e láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn. A ti rí ibi tí wọ́n ti ń kó ẹ̀jẹ̀ fún ènìyàn mẹ́wàá lọ́jọ́ kan, tí wọ́n ń fi omi gbígbóná ṣan kọ́ọ̀pù, tí wọ́n ń lo abẹ kan fún ènìyàn méjì. Omi gbígbóná tí a bù sínú báàfù kò pa kòkòrò yìí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe híjámà, kí ó rí i kí wọ́n já abẹ tuntun níṣojú rẹ̀, kí kọ́ọ̀pù sì jẹ́ èyí tí wọn kò lò fún ẹlòmíràn rí. Ìkìlọ̀ kan náà wà fún abẹ tí wọ́n fi ń fá irun ọmọ tuntun ní ọjọ́ keje, àti èyí tí wọ́n fi ń dá abẹ́ fún ọmọkùnrin. Àlúwàlá tí a ń ṣe lẹ́ẹ̀márùn-ún lóòjọ́ kò gbọ́dọ̀ parí síbi ìkòkò omi. Ìmọ́tótó ohun tó ń gé ara wa wà nínú rẹ̀.

Ohun tó kù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àrùn lupus, tó sábà máa ń mú àwọn obìnrin tí wọ́n ṣì ń bímọ, tí oríkèé ara ń dùn wọ́n, tí irun ń jẹ, tí ojú ń sú, lè dé iṣan ọpọlọ. Àwọn oògùn olóró bíi kokéènì àti èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní “ice” a máa ba iṣan ọpọlọ jẹ́ lára ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le. Òbí tó bá ṣàkíyèsí, kó má dákẹ́ nítorí ìtìjú.

Ẹ̀fọ́rí tó yẹ ká bi í léèrè

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀fọ́rí kì í ṣe ohun tó ń pani. Ooru, ebi, àìsùn, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà láti Ìkòtún dé Ìyànà Ìpájà, gbogbo wọn ló ń fọ́ orí. Èyí tó yẹ kó já wa láyà ni ẹ̀fọ́rí tuntun tí ẹni náà kò ní irú rẹ̀ rí, tó ń padà wá lójoojúmọ́, tó ń le sí i láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Bí ìgbàgbé tàbí ìwà tó yí padà bá tẹ̀ lé e, bí ẹni náà bá ń rí nǹkan ní méjìméjì, bí gìrì bá mú àgbàlagbà tí kò ní wárápá rí, ilé ìwòsàn ló kàn lọ́jọ́ náà. Bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ apá kan bá kú, bí ẹnu bá wọ́, bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́, ìbáà padà sípò láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kì í ṣe ohun tí a ń dúpẹ́ fún kí á sì sùn. Ìkìlọ̀ ni. Ẹ pe 767 tàbí 112 ní Èkó, tàbí kí ẹ wọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó bá sún mọ́ yín jù. Ní agbègbè wa, Ọsibítù Gbogbogbòò Alímọ̀ṣọ́ ní Ìgándò ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ ìtàn náà tán. Ẹ má kàn wí pé “orí ń fọ́ ọ.” Ẹ sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ oògùn tí ẹ ti rà, ẹ sọ ọjọ́ tí ọwọ́ kú. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo tó lè sọ fún dókítà pé iṣan ọpọlọ ló wú. Wọ́n lè ya àwòrán orí, wọ́n sì lè fẹ́ fa omi díẹ̀ láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Ìgbà tí wọ́n bá dárúkọ omi ẹ̀yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ẹbí ń dìde tí wọ́n ń gbé aláìsàn wọn lọ, wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá fa omi ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní rìn mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí abẹ́rẹ́ náà ń gbà wọlé wà nísàlẹ̀ ibi tí okùn ọ̀pá ẹ̀yìn parí sí. Àwọn tí wọ́n kú lẹ́yìn rẹ̀, àìsàn tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fà á ló sábà máa ń pa wọ́n, nítorí pé wọ́n ti pẹ́ kí wọ́n tó dé.

Oògùn tí wọ́n fi ń mú wíwú náà wálẹ̀, prednisolone, ẹ̀yin ìyá mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun náà ni wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀ ní kẹ́mísì fún àwọn obìnrin tó fẹ́ sanra. Ó ń bà wá nínú jẹ́ láti kọ ọ́. Ẹni tí kò ní àrùn tó ń lò ó bẹ́ẹ̀ ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà wọ ara rẹ̀, ó sì ń tú àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ ká fún ikọ́ ife láti wọlé. Ẹni tí dókítà sì fún un nítorí àrùn kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì, ìbáà jẹ́ nítorí ààwẹ̀ Rámádánì. Ara tó ti mọ́ oògùn náà lára lè dákú nígbà tí kò bá rí i mọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni dókítà lè tò ó sí àkókò sààrì tàbí ìṣínu. Bí kò bá sì ṣeé ṣe, Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda aláìsàn.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka èyí tán kó máa wá àrùn tó ṣọ̀wọ́n kiri, kó sì fojú fo èyí tó wọ́pọ̀. Ìwádìí kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lára ju 2,000 aláìsàn rọlápá-rọlẹ́sẹ̀ lọ ní Nàìjíríà àti Gánà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018, fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú gbogbo ohun tó ń fà á, àti pé àìjẹ ẹ̀fọ́ tó àti bíbu iyọ̀ sórí oúnjẹ tó ti wà nínú àwo wà lára wọn. Lára àwọn ọmọ wa tó ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde, nǹkan bí 11 nínú 100 ló lè ní rọlápá-rọlẹ́sẹ̀ kí wọ́n tó pé ogún ọdún bí kò bá sí ìtọ́jú, nítorí pé iṣan ọpọlọ tiwọn náà ń tín-ín-rín. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ orí ọmọ, tí kì í dunni, tó ń fi ewu yìí hàn ṣáájú. Ní apá Kánò àti Kàdúná, àwọn dókítà fi oògùn hydroxyurea tọ́jú 220 irú ọmọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì rí i pé ìwọ̀n kékeré rẹ̀ kò rẹlẹ̀ sí ìwọ̀n tó ju ú lọ. Òbí tó ní ọmọ SS, ẹ béèrè àyẹ̀wò yìí. Ẹ̀yin tó ń múra yìgì, ẹ ṣe jẹ́nótáìpù kí ẹ tó ra aṣọ.

Ìbéèrè lẹ́yìn ikú

Ká padà sí Ìkòtún. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n ṣe ní 2007 ní kí a máa fi ikú òjijì tí a kò mọ ìdí rẹ̀ tó adájọ́ ìwádìí ikú létí. Ẹ̀yin ará agbègbè wa rántí 12 Oṣù Kẹsàn-án, 2014, nígbà tí ilé ìgbàlejò Ìjọ Synagogue wó ní Ìkòtún-Ẹ̀gbẹ́ tí ènìyàn 116 sì kú. Lábẹ́ òfin yìí ni adájọ́ fi jókòó lórí ọ̀rọ̀ wọn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n John Obafunwa àti àwọn dókítà LASUTH sì yẹ òkú wọn wò. Ṣùgbọ́n ikú tó bá wáyé ní yàrá ẹni lóru, tí kò sí ilé tó wó, ta ló ń rántí òfin?

Ọ̀wọ̀ òkú tóbi nínú ẹ̀sìn wa, a kò sì lè fojú kéré ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ kan òkú ènìyàn rẹ̀. Síbẹ̀, Ìgbìmọ̀ Fíkíhì ti Rábítà, nínú ìpàdé wọn ní Mẹ́kà ní 1987, gbà á láyè nígbà tí ìdí bá wà: láti mọ̀ bóyá wọ́n pa ẹni náà ni, láti mọ àrùn kí a lè dáàbò bo alààyè, àti fún ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Wọ́n ní kó má ju bó ti yẹ lọ, kó jẹ́ dókítà obìnrin ló ń yẹ òkú obìnrin wò bí wọ́n bá rí i, kí wọ́n sì sin gbogbo ohun tí wọ́n bá yọ. Àwa kò wí pé kí gbogbo ìdílé tó bá ṣòfò gba ọ̀nà yìí. Ohun tí a ń wí ni pé bí ọ̀dọ́ tó le bá kú lójijì, kí wọ́n pe dókítà kó wo òkú kí wọ́n tó wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sọ gbogbo ohun tí ojú wọn rí ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú fún un, kí wọ́n sì gba ìwé ohun tó fa ikú. Wákàtí mélòó kan ni èyí ń gbà; ìsìnkú kíákíá tí súnnà fẹ́ kò ní bàjẹ́. Bí a kò bá ṣe é, ẹ̀yìnkùlé ni wọn yóò ti dáhùn ìbéèrè náà, àwọn tó wà nídìí àdògán ni yóò sì ṣe adájọ́.

Obìnrin tí wọ́n dárúkọ yẹn wá sí fídáù. Ó jókòó sẹ́yìn, nítòsí ibi tí wọ́n bọ́ bàtà sí. Ìyá olóògbé ló dìde lọ bá a, wọ́n dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n sì mú un wọ inú yàrá. Nígbà tó yá, wọ́n pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n bi wá pé ká ní àwọn tètè gbé ọmọ àwọn lọ ni, ṣé ì bá wà láàyè. A sọ fún wọn pé a kò lè sọ. Òótọ́ ni, a kò sì ní ọ̀rọ̀ mìíràn.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, àbúrò olóògbé, ọmọ ọdún 26, sọ fún wa pé orí ń fọ́ òun láti ọjọ́ ìsìnkú. Ẹkún lè fà á, àìsùn lè fà á. A bá a lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó jẹ́ 158/96. Wọ́n ní kó sinmi, kó padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kí wọ́n tún un wọ̀n. Ó padà lọ.